Ẹni Tó Ń Fọwọ́ Sí Irin

Fọkanáísà kan wà lẹ́bàá Agége Motor Road ní Mushin, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń yà sí ọjà Ládípọ̀, tí mo fẹ́ràn láti máa wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bó bá fa atẹ́gùn sí táyà tán, kì í tètè dé ọmọrí fálífù padà. Á tutọ́ díẹ̀ sí ìka, á fi pa ẹnu fálífù náà, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á sì tẹjú mọ́ ọn. Bí itọ́ yẹn bá hó, bó ti wù kó kéré tó, atẹ́gùn ń jò nìyẹn. Bó ṣe ń ṣe é fún dánfó ló ń ṣe é fún kẹ̀kẹ́ Márúwá, bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe é fún jíìpù olówó ńlá. Awakọ̀ lè máa pariwo pé òun ń kánjú. Ọwọ́ rẹ̀ ò ní yá ju bó ṣe yẹ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo dúró tì í, ọkọ̀ òfurufú kan ń kọjá lókè, ó ń lọ balẹ̀ ní Ìkẹjà. Ó ti sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Mo rí àwọn táyà rẹ̀ ketekete lábẹ́ ikùn rẹ̀. Ìbéèrè kan sọ sí mi lọ́kàn: ta ló ń tutọ́ sẹ́nu fálífù tìyẹn?

Mo gbé ìbéèrè náà tọ ọkùnrin kan lọ ní Surulere tó jẹ́ ẹnjinníà ọkọ̀ òfurufú. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n, èmi náà ò ní pè é ní nǹkan mìíràn níbí. Zaria ló ti kọ́ṣẹ́, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ọkọ̀ òfurufú tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1964. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Àbúrò, a kì í tutọ́ sí i o. Àmọ́ ojú kan náà la fi ń wò ó.” Nígbà tí ìwé àṣẹ tí màá fi wọlé jáde, ó ní kí n múra, kí n bá òun lọ síbi iṣẹ́.

Aago mẹ́ta òru kọjá díẹ̀ nígbà tí a gbéra. Ojúẹlẹ́gba tó máa ń kún fọ́fọ́ dákẹ́ rọ́rọ́. Ní Mushin, àwọn alákàrà ti ń dáná. Nígbà tí a dé Ọ̀ṣòdì, ìyá kan ń sin ọmọ rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì, ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ń ṣe àdúrà tí gbogbo wa mọ̀: a ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Gíláàsì mọ́tò wa wà nílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n gbọ́, ó sì ṣe àmín. Ó ṣe díẹ̀, ó ní, “Àdúrà yẹn láwọn tí wọ́n ń bá a ṣiṣẹ́.”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ kọ̀wé nípa àwọn tí wọ́n ń bá a ṣiṣẹ́.

Òfin kò fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún ọkàn rere nìkan. Àtìgbà tí àwọn orílẹ̀-èdè ti ṣe àdéhùn ní Chicago lọ́dún 1944 ni gbogbo ayé ti gbà pé ọkọ̀ òfurufú tó bá fẹ́ ti ilẹ̀ kan fò lọ sí ilẹ̀ mìíràn gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí pé ara rẹ̀ dá fún òfurufú. Nílé wa níbí, àjọ NCAA ló ń mójú tó o. Ẹnjinníà tó ní láísẹ́ǹsì fún irú ọkọ̀ yẹn gan-an ló lè fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lára rẹ̀ pé. Ẹni tó ní ti Boeing 737 ò lè tìtorí pé irin ni gbogbo wọn kó lọ fọwọ́ sí ọkọ̀ mìíràn tí kò kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀gá awakọ̀ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí i dájú pé ọkọ̀ yẹ kó tó gbé e kúrò nílẹ̀. Èèyàn méjì nìyẹn, ojú mẹ́rin, ìwé kan.

Àmọ́ òfin ò lè kọ́ ojú bí a ti ń ríran. Ohun tí mo lọ wò gan-an nìyẹn.

Nígbà tí a dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, Ẹ̀gbọ́n ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń wò ó látòkè délẹ̀ bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, kó tó bi í pé ṣé ara le. Ó ní òun ń wò ó bóyá ó fì. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ òfurufú ní irin dídán kan tó ń wọlé tó ń jáde láti gba agbára ìbalẹ̀, bíi ṣọ́kù mọ́tò. Bí irin dídán tó hàn lẹ́sẹ̀ òsì bá kúrú ju tọ̀tún lọ, nǹkan ti jò. Ẹni tó bá sáré sún mọ́ ọn ò ní rí èyí. Àwọn àbùkù kan wà tó jẹ́ pé òkèèrè ni wọ́n ti ń hàn.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ láti imú. Ó máa yí ọkọ̀ náà po, ó sì máa parí sí imú. Kì í yí ètò yìí padà, bí òjò ń rọ̀, bí oorun ń kùn ún. Ó ní ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ níbi tó bá wù ú, bó pẹ́ bó yá, yóò fo ibì kan.

Lẹ́bàá imú náà, àwọn páìpù kéékèèké kan yọ síta bí ìka. Pitot ni wọ́n ń pè é. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ wọnú ihò rẹ̀ ni ẹ̀rọ fi ń ṣírò bí eré ọkọ̀ ṣe tó. Bí ọkọ̀ bá sùn sílẹ̀, wọ́n máa ń fi àpò bò ó, tí rìbọ́ọ̀nù pupa gígùn á máa fì lára rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà gbàgbé láti yọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n yọ àpò náà, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ihò, ó wò ó títí. Mo bi í pé kí lẹ ń wá níbẹ̀? Ó ní, “Ilé agbọ́n.”

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ní ọjọ́ 6 oṣù Èrèlé, ọdún 1996, Boeing 757 kan gbéra láti Puerto Plata ní Dominican Republic. Ọ̀kan nínú pitot rẹ̀ ti dí, àwọn olùwádìí sì fura pé agbọ́n ló fi amọ̀ kọ́lé síbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ náà wà nílẹ̀ láìsí ìbòrí. Ẹ̀rọ ń pe eré ní ohun tí kì í ṣe. Èèyàn 189 ló bá a lọ. Ní ọjọ́ 2 oṣù Ọ̀wàrà, ọdún kan náà, Boeing 757 mìíràn já sínú òkun nítòsí Lima ní Peru. Tẹ́ẹ̀pù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àwọn ihò atẹ́gùn rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fọ̀ ọ́ ni wọn ò rántí ṣí. Èèyàn 70. Ihò tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ló gbé ẹ̀mí tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mì. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ yìí, bí mo bá rí awakọ̀ tó ń fi tọ́ọ̀ṣì wo imú ọkọ̀ láàárọ̀, ṣe ni mo máa ń fi ọkàn kí i.

Ẹ̀gbọ́n ò tí ì dé ìdí ẹ́ńjìnnì tó fi kọ́kọ́ yọ gbogbo ohun tó wà lápò àyà rẹ̀, títí kan bírò. Atẹ́gùn ìdájí ń yí abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì náà díẹ̀díẹ̀, ó ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́. Ó fọwọ́ dá a dúró. Ó wá fi àtàǹpàkò tọ etí abẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti ìdí dé orí, bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń dán ojú àdá wò. Òkúta wẹ́wẹ́ tàbí ẹyẹ lè ti ṣá a níbì kan tí ojú ò ní rí, àmọ́ ìka á mọ̀ ọ́n. Bó bá kan ibi tó ti ṣán, kò ní sọ pé “ó kéré” tàbí “ó tóbi” látọkàn ara rẹ̀. Ìwé àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì náà ti sọ bí jíjìn rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ mọ, ibi tí a lè fi fáìlì ra títí yóò fi jọ̀lọ̀, àti ibi tó jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì náà ò gbọdọ̀ yí mọ́. Ìka ló ń wá a rí, ìwé ló ń dá ẹjọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà la dé ìdí táyà, mo sì rántí Mushin.

Táyà mọ́tò wa kì í sábà gbà ju 30 sí 35 psi. Táyà ẹ̀yìn Boeing 737 ń gba bíi 200. Kì í ṣe atẹ́gùn lásán ni wọ́n ń fà sí i, náítírójìn ni, torí náítírójìn kì í gbé omi dání, kì í sì í ran iná lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 1986, ní Mexico, búrèkì Boeing 727 kan gbóná kọjá ààlà, táyà tí wọ́n fi atẹ́gùn lásán kún sì bẹ́ lójú òfurufú. Èèyàn 167 ló kú.

Ẹ̀gbọ́n ní ohun tó le jù nínú wíwọn táyà ni mímọ ìgbà tí kò yẹ kí a wọ̀n ọ́n. Táyà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ gbóná, ooru sì máa ń mú kí ohun tó wà nínú rẹ̀ wú. Bí o bá wọ̀n ọ́n nígbà yẹn, irọ́ ló máa pa fún ọ: á sọ pé òun yó, nígbà tí ebi ń pa á. O ní láti jẹ́ kó tutù fún bíi wákàtí méjì, ó kéré tán. Ìdí nìyí tí ìdájí fi jẹ́ àsìkò òtítọ́ fún táyà.

Ebi táyà ò ṣeé fojú kéré. Táyà tí náítírójìn rẹ̀ ò tó máa ń tẹ̀ nídìí. Bó ti ń yí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń ká, tó ń nà, tó tún ń ká. Káká-nínà yẹn ló ń di ooru, ooru á sì máa jẹ ẹ́ látinú nígbà tí ìta rẹ̀ ṣì ń dán. Èkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ wà lórí ẹsẹ̀ kan náà á wá máa ru ẹrù ẹni méjì.

Orílẹ̀-èdè wa ti san owó ẹ̀kọ́ yìí, owó náà sì pọ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Agẹmọ, ọdún 1991, àwọn alálàájì tí wọ́n ti parí Hajj wọ ọkọ̀ ní Jeddah, wọ́n ń padà sí Sókótó. Nigeria Airways ni orúkọ tó wà lórí ìrìn àjò náà. Nationair ti ilẹ̀ Canada ló ni DC-8 tó kó wọn. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí ọ̀gá mẹkáníìkì ti mọ̀ pé atẹ́gùn àwọn táyà kan ò tó. Ó yẹ kí wọ́n fi náítírójìn kún un. Kò sí náítírójìn nítòsí. Àsìkò ti lọ lórí ìrìn àjò náà, ẹni tó ń darí iṣẹ́ ọ̀hún, tí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìmọ̀ rẹ̀, ní kí ọkọ̀ máa lọ bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ náà ti ń sáré lórí ilẹ̀, táyà fọ́, èkejì rẹ̀ náà fọ́, irin àgbá ń ha ilẹ̀ títí ó fi gbiná. Àwọn awakọ̀ ò mọ̀. Wọ́n ká ẹsẹ̀ náà wọnú ọkọ̀ pẹ̀lú iná lára rẹ̀. Wọ́n gbìyànjú láti padà, wọn ò dé ilẹ̀. Èèyàn 261 ló wà nínú rẹ̀, kò sí ẹyọ kan tó yè.

Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀. Ìmọ̀ ò wọ́n níbẹ̀: ojú ti rí àbùkù náà, ọwọ́ sì mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Ohun tó wọ́n ni ẹnì kan tí “kò lọ” tó bá jáde lẹ́nu rẹ̀ kò ní ṣeé yí padà. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ ìtàn yìí ni mo ti gbà pé kíkọ̀ náà wà lára iṣẹ́ ọwọ́, bíi kí èèyàn mọ sípánà lò.

Ní ìdí ẹsẹ̀ yẹn kan náà ni Ẹ̀gbọ́n ti fi ohun kan hàn mí tí mi ò lè gbàgbé. Orí bóòtù méjì wà tí wọ́n lu ihò sí. Waya tín-ínrín tí kì í dípẹtà gba ihò ti àkọ́kọ́, wọ́n lọ́ ọ pọ̀, ó wá kọjá sí ti èkejì. Ìlọ́pọ̀ 6 sí 8 ló wà nínú íǹṣì kan, gbogbo wọn dọ́gba bí irun tí ọ̀jáfáfá fi òwú kó. Bó bá ṣọ̀wọ́n, waya á máa gbọ̀n. Bó bá pọ̀ jù, á rẹ̀, á sì já. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé bí wọ́n ṣe na waya yẹn, bí bóòtù kan bá fẹ́ tú, ṣe ni yóò máa fa èkejì le. Wọ́n tún ká ṣónṣó waya náà sínú, kó má baà gún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́. Ẹni tó lọ́ waya yẹn ti lọ sílé rẹ̀, mi ò sì mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ mo mọ irú èèyàn tó jẹ́.

Lórí ọ̀rọ̀ bóòtù, gbogbo wa la mọ bí a ṣe ń rà á ní Ládípọ̀. O ó mú ti àtijọ́ dání, ọlọ́jà á fi wé tuntun, bí wọ́n bá bára mu lójú, o ó sanwó. Ìyẹn dára fún mọ́tò. Ní òru ọjọ́ tó ṣáájú 10 oṣù Òkúdu, ọdún 1990, ẹnjinníà kan ní Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ojú wé bóòtù bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń pààrọ̀ gíláàsì iwájú BAC One-Eleven, irú ọkọ̀ tí Okada Air fi kó èrò káàkiri Nàìjíríà láyé ọjọ́un. Bóòtù 90 ló dì í. 84 nínú wọn tín-ínrín ju èyí tó yẹ lọ, ìyàtọ̀ náà ò sì tó mìlímítà kan. Nígbà tí ọkọ̀ náà gòkè tó ẹsẹ̀ bàtà 17,000, gíláàsì fò yọ, atẹ́gùn sì fa ọ̀gá awakọ̀ jáde dé ìbàdí. Àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ dì í lẹ́sẹ̀ mú títí igbákejì rẹ̀ fi gbé ọkọ̀ balẹ̀ ní Southampton. Ọ̀gá awakọ̀ náà yè é. Ojú tí mo ti ń yìn láti òkè wá yìí, ó níbi tí agbára rẹ̀ mọ, ọ̀jáfáfá sì mọ ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí bóòtù ọkọ̀ òfurufú fi ní nọ́ńbà, tí nọ́ńbà náà ní ìwé, tí ìwé náà sì ń sọ ilé tí wọ́n bí bóòtù ọ̀hún sí. Bóòtù tí kò níwèé, bó dán bíi wúrà, ìdọ̀tí ni lójú Ẹ̀gbọ́n.

Ìwé kan wà tó ju gbogbo ìwé wọ̀nyẹn lọ. Tech log ni wọ́n ń pè é, inú ọkọ̀ ló sì ń gbé. Ohunkóhun tí awakọ̀ bá rí tó ṣe é bákan, ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí. Bó bá jẹ́ pé ẹnu ló fi sọ ọ́ fún ẹnjinníà tó bá pàdé lórí àtẹ̀gùn, kò tí ì sọ ọ́. Ẹnjinníà náà á kọ ohun tó ṣe sí i sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á fọwọ́ sí i, á sì kọ nọ́ńbà láísẹ́ǹsì rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo àbùkù ló ń dá ọkọ̀ dúró. Ìwé mìíràn tún wà, MEL, tó to gbogbo ohun tó lè bàjẹ́ tí ọkọ̀ ṣì lè fi fò, àti ohun tó gbọ́dọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ohun tó bá wà ní ìpele B, ọjọ́ 3 ni wọ́n fún un. Ti C, ọjọ́ 10. Ti D, ọjọ́ 120. Ìpele A ní gbèdéke tirẹ̀. Wọ́n á lẹ ìwé pélébé mọ́ ohun tó bàjẹ́ náà kí gbogbo ẹni tó bá wọlé lè mọ̀. Bí gbèdéke bá pé tí wọn ò tí ì tún un ṣe, ọkọ̀ dúró nìyẹn. Ohun tó bá sì kan ààbò tí kò sí nínú ìwé náà rárá gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ ni.

Ibi tí ọgbọ́n wọ̀ ọ́ nìyí. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ̀rọ tó ń fi òjò àti àrá hàn awakọ̀ kú. MEL lè gbà kí ọkọ̀ náà fò níbi tí ojú ọjọ́ ti mọ́. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, ìyẹn lè ṣeé ṣe. Ní oṣù Òkúdu, nígbà tí òjò Èkó bá ń ṣú bọ̀ láti ojú òkun, ta ló máa gbé e lọ? Ìwé lè gbà, kí ọ̀gá awakọ̀ má gbà. Òfin sì dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Àwa ará Mainland mọ ohun tí ìró ọkọ̀ òfurufú tó bá sún mọ́lẹ̀ jù ń ṣe sí ọkàn. Ní ọjọ́ Àìkú, 3 oṣù Òkúdu, ọdún 2012, MD-83 ti Dana Air tó ń bọ̀ láti Àbújá já lé àwọn ilé lórí ní Ìjù-Ìṣàgá. Èèyàn 153 tó wà nínú rẹ̀ kú, àwọn 6 tún kú nílẹ̀. Àjọ tó ṣèwádìí ní ẹ́ńjìnnì kan ti kọ̀ láti dáhùn nígbà tí ìrìn àjò ò tí ì ju ìṣẹ́jú 17 lọ. Àwọn awakọ̀ ò ṣí ìwé ìtọ́nisọ́nà tó yẹ kí wọ́n tẹ̀ lé, títí èkejì náà fi dákẹ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2013, ọkọ̀ Embraer tó ń gbé òkú Olúṣẹ́gun Àgágù, gómìnà Oǹdó tẹ́lẹ̀, lọ sí Àkúrẹ́ já kété tó gbéra ní Ìkẹjà. Ẹ̀rọ ìkìlọ̀ ti ń ké kí wọ́n tó kúrò nílẹ̀. Mi ò dárúkọ àwọn òkú wọ̀nyí láti fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Mo dárúkọ wọn torí pé irin máa ń sọ̀rọ̀, iṣẹ́ àwọn èèyàn tí mo ń yìn sì ni kí wọ́n dúró gbọ́ ọ.

Mo fojú ara mi rí èyí láàárọ̀ ọjọ́ náà. A ti ń yí lọ síhà kejì, ilẹ̀ ti ń mọ́. Ẹ̀gbọ́n kígbe sí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ pé kó tẹ búrèkì mọ́lẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó sì tanná sí irin kékeré kan tó yọ síta lára búrèkì, kò tó ìka. Bí búrèkì ti ń jẹ lọ ni irin náà ń wọlé lọ. Ọjọ́ tó bá dọ́gba pẹ̀lú ara búrèkì, ó ti tán nìyẹn. Àmọ́ kì í sọ òótọ́ àfi tí búrèkì bá dì mú, ìdí nìyẹn tó fi pariwo. Ó fi èékánná wá irin náà. Èékánná rẹ̀ ò kọ́ nǹkan kan.

Ó dìde, ó nu orúnkún rẹ̀. Ó pe ọ́fíìsì, ohùn rẹ̀ ò ga, kò sì rẹlẹ̀: “Búrèkì kẹta ti tán. A máa pààrọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ yìí ò lọ báyìí.” Ẹni tó wà lórí fóònù sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tẹ́tí sí i dáadáa. Ó dáhùn pé, “Mo gbọ́ yín, sà. Búrèkì ti tán.” Ó kọ ọ́ sínú tech log kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá jáàkì, torí ohun tó bá ti wà nínú ìwé, ẹnu ò lè yọ ọ́ mọ́.

Látibi tí mo dúró sí, mo ń wo àwọn èrò lẹ́yìn gíláàsì. Mo mọ ohun tó ń lọ lọ́hùn-ún. Ẹnì kan ní ìpàdé ní Àbújá, ẹnì kan ń lọ síbi ìgbéyàwó, ẹnì kan sì ń lu káńtà. Èmi náà ti lu káńtà bẹ́ẹ̀ rí, nígbà tí wọ́n ní ọkọ̀ wa ní ìṣòro díẹ̀. Mo bá ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀ wí títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Bóyá lọ́jọ́ náà, ẹnì kan wà lórí orúnkún rẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, tó fi èékánná wá ẹ̀mí mi. Mo fẹ́ kí a mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìdádúró ló jẹ́ ìwọ̀sí. Òmíràn jẹ́ àmì pé ẹnì kan wà lẹ́nu iṣẹ́ tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́.

Wọ́n gbé ọkọ̀ náà sókè díẹ̀, wọ́n yọ àgbá, wọ́n yọ búrèkì, wọ́n gbé tuntun wọlé. Nígbà tí wọ́n parí, Ẹ̀gbọ́n lọ síbi pátákó irinṣẹ́. Wọ́n ti ya àwòrán sípánà kọ̀ọ̀kan sórí rẹ̀, tó jẹ́ pé bí ọ̀kan bá sọnù, òjìji rẹ̀ ni yóò máa wò ọ́. Gbogbo òjìji ló ti ní ara. Bí ọ̀kan bá ṣófo ni, ọkọ̀ ò ní kúrò níbẹ̀ títí wọn yóò fi rí i.

Ó wá jókòó, ó mú bírò. Mo ti rò pé èyí ló máa yá jù. Òun ló pẹ́ jù. Ó ka ohun tí ó kọ látòkè, ó fi ìka tọ nọ́ńbà búrèkì tuntun wé ti ara ìwé rẹ̀, ó tún un wé. Ó mí kanlẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i.

Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tí kò bá fẹ́ fi Bíbélì tàbí Kùránì búra ní kóòtù lè fi irin búra. Àwọn baba wa mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀: Ògún ò fẹ́ irọ́, ẹni tó bá sì fi ẹnu kan irin pa irọ́, irin ni yóò bá a ṣẹjọ́. Mẹkáníìkì Mushin mọ̀ bẹ́ẹ̀, awakọ̀ Ojúẹlẹ́gba mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ìjọ ni Ẹ̀gbọ́n, kì í bọ Ògún. Àmọ́ bí mo ti rí ọwọ́ rẹ̀ lórí ìwé yẹn, mo mọ̀ pé ìbúra ni mo ń wò. Orúkọ rẹ̀ ló kọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ nípa irin. Tó bá jẹ́ irọ́, kì í ṣe òun nìkan ni irin máa bá ṣẹjọ́.

Àwọn èrò wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ti ọkọ̀ náà sẹ́yìn, Ẹ̀gbọ́n sì ń bá a rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú agbọ́hùn létí. Nígbà tó dúró, ó fa ọ̀pá irin kékeré kan yọ lẹ́sẹ̀ iwájú, ó sún sẹ́yìn títí awakọ̀ fi lè rí i, ó wá gbé ọwọ́ sókè, rìbọ́ọ̀nù pupa ara ọ̀pá náà ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé: ó ti wà lọ́wọ́ mi, kò sí lára rẹ mọ́. Lókè, awakọ̀ náà gbé ọwọ́. Ọmọ kékeré kan lójú fèrèsé rò pé òun ni wọ́n ń juwọ́ sí, ó juwọ́ padà. Ẹ̀gbọ́n rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi rìbọ́ọ̀nù náà juwọ́ sí i.

Ó dúró títí ọkọ̀ náà fi fẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ó wo aago, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá kọrí sí ibi tí ọkọ̀ mìíràn dúró sí, nígbà tó kù bí ìwọ̀n ogún ìgbésẹ̀, ó dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bóyá ó fì.